Gínípíìgì: Ẹran Kékeré fún Ẹni tí Iṣẹ́ Kò Dá Lójú



Ìbéèrè kan kì í tán ní kíláàsì alẹ́ wa. Ẹnì kan á ní, "Tíṣà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò dá mi lójú mọ́. Wọ́n ti dá àwọn kan dúró. N kò ní oko, yàrá méjì péré ni mo háyà. Kí ni mo lè sìn tí yóò máa mú owó díẹ̀ wá?" Ìbéèrè gidi ni. Bí ilé iṣẹ́ bá ń dín òṣìṣẹ́ kù, oorun a máa dá mọ́ èèyàn lójú. Nítorí náà, a ó sọ̀rọ̀ nípa ẹran kékeré kan tó bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu. A ó sọ ohun tó lè ṣe fún ẹni, a ó sì sọ ohun tí kò lè ṣe.

Kí ni gínípíìgì?

Gínípíìgì jọ eku, ṣùgbọ́n kò ní ìrù. Ó sanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Èyí tó ti dàgbà a máa wọ̀n tó nǹkan bíi kìlógírámù 1. Kì í gun igi, kì í sì sábà géni jẹ. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Guinea. Orúkọ yẹn ń ṣini lọ́nà. Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ti Guinea wá.

Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ó ti ju 3,000 ọdún lọ tí àwọn èèyàn Peru, Ecuador àti Bolivia ti ń sìn ín. Cuy ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ń sìn ín sí ilé ìdáná, nítorí òkè yẹn tutù, ilé ìdáná sì móoru. Bí èèpo oúnjẹ bá bọ́ sílẹ̀, cuy á jẹ ẹ́. Bí àlejò pàtàkì bá dé, wọ́n á pa á. Bí owó bá tán nílé, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú Cuzco ní Peru, àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kan wà tí Marcos Zapata yà láàárín ọdún 1700 sí 1800. Ẹran kékeré kan wà nínú àwo lórí tábìlì náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní cuy ni.

Wọ́n ń sìn ín ní Áfíríkà náà, pàápàá ní Cameroon àti ní ìlà-oòrùn Congo. Ní Congo, níbi tí ogun ti ń lé àwọn ará abúlé kiri, àwọn oníjàgídíjàgan a máa kó màlúù àti ewúrẹ́ lọ. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka gínípíìgì sí. Ẹni tó ń sá sì lè gbé méjì tàbí mẹ́ta sínú apẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn tó ń sìn ín kò tíì pọ̀. Àwọn ẹlòmíràn kì í jẹ ẹ́ rárá, wọ́n kàn fi ń ṣe ọ̀rẹ́ inú ilé fún àwọn ọmọ ni.

Ilé rẹ̀

Ẹ lè fi pákó kan àpótí fún un. Bí ó bá gùn ní mítà 1, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1, ó tó fún akọ 1 àti abo 3. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i nísàlẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó rùn. Omi àti otútù a máa pa á, ṣùgbọ́n ooru burú jù fún un. Ẹ má gbé e sábẹ́ páànù tí oòrùn ń pa, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Ẹ ṣọ́ra fún ológbò, ajá, ejò àti ìjàlọ.

Ẹ má sin ẹyọ kan ṣoṣo. Gínípíìgì kì í fẹ́ dá wà. Ní Switzerland, láti ọdún 2008 ni òfin ti ní kò gbọdọ̀ wà ní òun nìkan.

Oúnjẹ rẹ̀

Koríko ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun gígùn, koríko ni ó sì ń bá a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ lè fún un ní ewé ọ̀dùnkún àti háhá àgbàdo tútù pẹ̀lú. Ẹ má fún un ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù, nítorí ó ní májèlé. Ẹ má ṣe gé koríko níbi tí wọ́n ti fọ́n oògùn. Omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ó gbọ́dọ̀ jẹ ewé tútù lójoojúmọ́. Ní ọdún 1907, ní Norway, Axel Holst àti Theodor Frølich fi ọkà nìkan bọ́ gínípíìgì. Àìsàn tó máa ń mú kí èérìgì àwọn atukọ̀ òkun máa ṣẹ̀jẹ̀ ló mú wọn. Ẹfọ́ tútù ló gba àwọn yòókù là. Fítámínì C ló wà nínú ewé náà. Ara gínípíìgì kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, ara tiwa náà kò sì lè ṣe é. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń já ewé fún un, ẹ rántí ẹfọ́ tiyín.

Bí ó ṣe ń bímọ

Oyún rẹ̀ a máa tó nǹkan bí ọjọ́ 68. Ọmọ 2 sí 4 ló sábà ń bí. Wọ́n á ti ní irun lára, ojú wọn á ti là. Ẹ fi abo sọ́dọ̀ akọ láàárín oṣù 3 sí 5. Bí ó bá ju oṣù 7 lọ kí ó tó bí àkọ́bí, egungun ìbàdí rẹ̀ á ti le, ìbímọ sì lè pa á. Bí àwọn ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 3, ẹ ya akọ kúrò lára abo. Ẹ má jẹ́ kí bàbá gun ọmọ rẹ̀. Ẹ bá ẹlòmíràn pààrọ̀ akọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Ká ní abo 3 bí ọmọ 2-2, tí gbogbo wọn sì yè. Ọmọ 6 nìyẹn. Oyún gba ọjọ́ 68. Kí ọmọ tó tó tà, ó lè tó ọjọ́ 90. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 158, ìyẹn ju oṣù 5 lọ. Ẹ ti rí i báyìí pé ẹran yìí kò lè san owó ilé oṣù tó ń bọ̀. Kò lè rọ́pò iṣẹ́ oṣù. Nítorí náà, ẹ má yáwó rà á, ẹ má sì fi owó oúnjẹ rà á. Ìgbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé ló yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì ti bọ́, ẹ má torí ẹran dẹ́kun wíwá iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò rà á, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní yóò sọ yín di olówó lójijì, ẹ má dá a lóhùn.

Ibí yìí ni ìwé tí ẹ kọ́ ti wúlò. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí abo bímọ, iye ọmọ, iye tó kú, owó tó jáde àti owó tó wọlé. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ ni yóò mọ̀ bóyá òun ń jèrè tàbí òun ń pàdánù.

Èrè kan wà tí kò sí nínú ìwé owó. Bí gínípíìgì bá ti mọ ẹsẹ̀ yín, á máa ké "wíì, wíì" bí ẹ ti ń bọ̀ pẹ̀lú koríko. Ìdààmú iṣẹ́ kò tíì tán, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà láàárọ̀ tó ń dúró dè yín. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí gínípíìgì gbọ́dọ̀ jẹ ewé tútù?
2. Bí abo 4 bá bí ọmọ 3-3, ọmọ mélòó ni?
3. Ta ni ó lè ra gínípíìgì ní àdúgbò yín? Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé yín.