Irin Òṣogbo, Ọtí Iléṣà

Àwọn bíríkìlà àgbà tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdó-Ọ̀ṣun ṣì máa ń béèrè pé, "Màmá Onírin, ṣé ẹ ò ní ti Òṣogbo mọ́?" Ẹ̀rín ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ògijo àti Ìkòròdú ni irin tí mò ń tà ti ń wá, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ló sì jẹ́ ti àwọn ará Íńdíà, Lẹ́bánónì àti Ṣáínà. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Àjèjì ti gba iṣẹ́ irin lọ́wọ́ wa." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ̀ mí létí.

Ilé-iṣẹ́ irin Òṣogbo jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Jos àti Kàtsínà ni méjì yòókù. Wọ́n kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti máa ṣe 210,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ṣùgbọ́n Òṣogbo kì í yọ́ irin. Irin tí wọ́n ti yọ́ níbòmíràn, tí wọ́n ti dà sí ìtì onígun mẹ́rin, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní bílẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń gbé wá fún un. Wọ́n á kì í bọ iná títí á fi pọ́n kuku, wọ́n á wá máa tì í gba àárín rólà kan dé òmíràn, á máa tín-ín-rín, á máa gùn, títí á fi di ọ̀pá gbọọrọ tí ẹ fi ń ṣe dẹ́kìn.

Ilé-iṣẹ́ ìyọ́rin ìjọba ní Aladja, lẹ́bàá Wárì, ló yẹ kí bílẹ́ẹ̀tì ti máa wá. Ojú irin ti dé Òṣogbo láti 1907, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó so Òṣogbo pọ̀ mọ́ Wárì. Aladja pàápàá, òkè òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ra òkúta irin tó ń lò. Ojú irin tí yóò máa kó ti Itakpe wá fún un, 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 2020 ni wọ́n tó ṣí i! Bí Aladja bá dákẹ́, kí ni Òṣogbo fẹ́ tì bọ rólà? Ìjọba ló ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà, kò sí àjèjì kan tó ní ìpín níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tà á ní 2005, Kura Holdings, ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló rà á. Kò tíì padà sípò.

Aladja ni àjèjì rà lóòótọ́, lọ́dún 2005 yẹn kan náà, ní 30 mílíọ̀nù dọ́là. Ilé-iṣẹ́ Pramod Mittal ará Íńdíà ni. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti fi ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta lé àwọn kan náà lọ́wọ́. Ní 2008, Ààrẹ Yar'Adua fagi lé àdéhùn náà, wọ́n pè wá lẹ́jọ́, ní 2022 Nàìjíríà sì gbà láti san 496 mílíọ̀nù dọ́là kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí iye tí wọ́n ta Aladja, inú yín á run.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká yà sí Iléṣà, ká wo ilé-iṣẹ́ kan tó bọ́ sọ́wọ́ àjèjì tí kò sì kú. Olóyè Lawrence Omole, oníṣòwò ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló dá ilé-ọtí International Breweries sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1971, ọtí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1978. Èmi kì í mutí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìnáwó Ìjẹ̀ṣà tí wọn ò ti gbé Trophy, ọtí wọn, kalẹ̀. SABMiller, ilé-iṣẹ́ ọtí òkè òkun, gba àkóso rẹ̀ ní 2012. Ní 2016, AB InBev ti Bẹ́ljíọ̀mù gbé SABMiller mì, ọdún kejì ni wọ́n pa ti Iléṣà pọ̀ mọ́ ti Onitsha àti ti Port Harcourt. Ilé-ọtí náà kò kú. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ tí gbèsè dọ́là sì fẹ́ fún un lọ́rùn, wọ́n ta ìpín tuntun tó tó bílíọ̀nù 588 náírà ní 2024. Ta ni ì bá kó irú owó bẹ́ẹ̀ wá sí Òṣogbo? Àmọ́ kì í ṣe Iléṣà ni wọ́n ti ń pinnu mọ́ bóyá Iléṣà ni wọn yóò ti pọn ọtí tàbí ilé-ọtí wọn míràn ní Ṣágámù.

Àwọn Amẹ́ríkà mọ ìyẹn. Nígbà tí Nippon Steel ti Japan ra U.S. Steel ní 2025, ìjọba wọn gba ìpín kan ṣoṣo tó jẹ́ kí ààrẹ lè sọ pé rárá bí wọ́n bá fẹ́ kó orílé-iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ìpín kan péré! Àwa ní gbogbo ìpín Òṣogbo, a ò ní bílẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́ẹ̀ ìléru Ògijo kò dúró de òkúta Itakpe. Irin àlòkù ni wọ́n ń yọ́: ẹ́ńjìnnì tó ti kú, àwókù ẹ̀rọ, ohun tí àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke ń ṣà ní Ìdó-Ọ̀ṣun níbí. Tírélà á kó o lọ, tírélà á kó o padà wá bá mi ní ọ̀pá, oníbàárà mi ló sì ń san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ jí Òṣogbo dìde, ọmọ onílẹ̀ ni o, àjèjì ni o, ìléru ìyọ́rin ni kó kọ́kọ́ gbé wá. Iná mànàmáná ni irú ìléru bẹ́ẹ̀ ń jẹ, ó sì ń jẹ ẹ́ gan-an. Òṣogbo yìí kan náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà.