"Gáàsì tán" àbí "gáàsì jò"?

Tí oṣù Ẹrẹ́nà bá dé sí Basin níbí, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ́tò: "Gáàsì AC mi ti tán." Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn, "tán", ń ná àwọn èèyàn lówó gidi. Ẹ jẹ́ ká tú u wò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́.

Nínú èdè wa, òtútù ń mú wa, ooru náà ń mú wa, bí ẹni pé àwọn méjèèjì lọ́wọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dọ̀ onífísíìsì, ooru nìkan ló ń rìn. AC kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ooru inú ọkọ̀ ló ń kó dà síta.

Ọgbọ́n rẹ̀ ò ṣàjèjì. Ẹ rántí àmù, irú èyí tí wọ́n ń mọ ní Dada, l'Ókèlele. Omi tó bá rin sí ara rẹ̀ á máa gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń fa ooru kúrò lára omi inú. Spírítì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá wa kó tó gún wa lábẹ́rẹ́, bákan náà ni.

R-134a ni gáàsì inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà ní títì wa. Tí ẹ bá tú u sí afẹ́fẹ́ gbalasa, ó ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 Celsius nísàlẹ̀ òdo! Bẹ́lìtì ẹ́ńjìnnì ló sábà ń yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fún gáàsì pọ̀, gáàsì á gbóná janjan, á gba kọ̀ǹdẹ́ńsà níwájú rédíétọ̀, fáànù á fẹ́ ẹ, á di olómi. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa gba ihò tóóró kan kọjá. Agbára tó fún un pọ̀ á dẹ̀, á tún hó, á sì gba ooru afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ nínú irin tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó di ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ padà. Omi tó ń kán sábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe àìsàn, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí AC fi ń nu kùrukùru ojú gíláàsì lásìkò òjò.

Híítà ní tiẹ̀ ò ní wàhálà: omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń lò. (Tí mẹkáníìkì bá ti yọ tẹmọsítáàtì yín sọnù, bí wọ́n ṣe fẹ́ràn láti máa ṣe, ẹ má retí ooru gidi nínú ọyẹ́.)

Ṣé ẹ rí i pé ìyípo ni? Gáàsì yìí kì í jóná bí epo bẹntiróòlù. Kì í tán, ó ń jò ni. Lóòótọ́, ó lè máa sín díẹ̀díẹ̀ gba ara rọ́bà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ ẹni tó ń rọ gáàsì lọ́dọọdún, ihò wà níbì kan. Gáàsì náà ló sì ń gbé ọ́ìlì kiri fún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Tó bá jò jù, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lè gan, owó ìyẹn sì ju ti gáàsì lọ fíìfíì.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tún un ṣe fi náítírójìn sínú páìpù, kó fi ọṣẹ pa oríkèé rẹ̀, kẹ́ ẹ jọ wo ibi tó ti ń hó. Tó bá dí i tán, kó fi pọ́ńpù fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde kó tó rọ gáàsì tuntun.