Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹ má jẹ́ kí CCleaner gbá gbogbo registry

Bí ẹ bá ṣí apá Registry nínú CCleaner, áàpù tó ń gbá pàǹtí inú kọ̀ǹpútà, ẹ ó bá àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ti fi àmì sí. Ẹ fi àmì Obsolete Software sílẹ̀ bó ṣe wà, àjẹkù áàpù tí ẹ ti yọ kúrò ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì ActiveX and Class Issues, torí ohun tí áàpù míì ṣì ń lò lè dà bíi pàǹtí níbẹ̀. Àwọn kan á ní gbígbá gbogbo registry ló ń mú kọ̀ǹpútà yára. Rárá o! Windows kì í ka registry, ibi tó ń tọ́jú àwọn sẹ́tíǹgì sí, látòkè délẹ̀. Ibi tó ń wá ló ń lọ tààrà. Microsoft pàápàá kò fọwọ́ sí irú ìgbálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí CCleaner bá bi yín bóyá kó tọ́jú ẹ̀dà ohun tó fẹ́ yí padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ Yes.