Títo Àwọn Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù Etíkun Ìlàjẹ

Nígbà Kérésì, tí àwọn ọmọ Ìlàjẹ bá ti Èkó, Wàrí àti Àkúrẹ́ wálé, ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu wa ní èbúté: ọmọ abúlé wo ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù? Láti Àtìjẹ́rẹ́ létí ọ̀sà títí dé Àwóyè, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọmọ tirẹ̀ tó ń fi yangàn. Àríyànjiyàn náà dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kó àwọn àlejò padà lóṣù Ṣẹ́rẹ́, ó parí nìyẹn, torí ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ojú ewé yìí wà fún kóòṣì, tíṣà àti òbí tó bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. A ò dárúkọ ọmọ kankan síbí, nítorí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kì í ṣe ẹni tí à ń gbé orúkọ rẹ̀ kiri ọjà. Bí wọ́n ṣe ń to ọ̀dọ́ eléré ìdárayá tẹ̀lé ara wọn la fẹ́ sọ, ẹni tó yẹ kó wà lókè, àti ìdí tí ìwé pẹlẹbẹ kan ní Ugbò tàbí Òde-Máhìn fi lè ṣe ọmọ láǹfààní ju ìyìn ẹnu lọ.

Àwọn tó sọ títò yìí di iṣẹ́ gidi ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù. Láti nǹkan bí ọdún 1920 ni Branch Rickey, ọ̀gá ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀. Kò lówó tó lè fi bá àwọn olówó du ẹni tó ti gbajúmọ̀, ló bá pinnu láti máa tọ́ tirẹ̀ dàgbà. Lónìí, ẹgbẹ́ ńlá 30 ló wà lọ́hùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn 120 láti ọdún 2021. Ọdọọdún ni àwọn oníròyìn eré náà ń to ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti ẹni kìíní títí dé ẹni ọgbọ̀n nígbà mìíràn. Máàkì wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó ń lọ láti 20 sí 80, 50 sì ni ti ẹni tí kò yọrí tí kò sì rẹ̀yìn láàárín àwọn àgbà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò náà ni pé máàkì méjì ni ọmọ ń gbà lórí ohun kan ṣoṣo: ọ̀kan fún ohun tó lè ṣe lónìí, èkejì fún ibi tí wọ́n rò pé ó máa dé. Ọmọ ọdún 16 lè gba 30 lónìí kó sì gba 60 fún ọjọ́ iwájú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ kóòṣì.

Pẹ̀lú gbogbo owó àti ìmọ̀ yẹn, wọ́n ṣì máa ń ṣì í. Nígbà tí wọ́n ń yan ọ̀dọ́ ní ọdún 2009, ẹni 24 ni wọ́n mú kí ó tó kan Mike Trout. Ẹgbẹ́ Angels tó mú un gan-an ló ní ipò 24 àti 25 tẹ̀lé ara wọn, Randal Grichuk ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè. Trout ti gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú líìgì rẹ̀ nígbà mẹ́ta láti ìgbà náà. Ẹ wo Gift Ngoepe, ọmọ South Africa. Pittsburgh Pirates gbà á ní 2008, ó sì lo ọdún tó ju mẹ́jọ lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ kó tó di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí Áfíríkà tó gbá a ní líìgì àgbà, ní oṣù Igbe ọdún 2017. Demi Orimoloye, ọmọ tiwa tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Ottawa ní Kánádà, ni Milwaukee Brewers mú ní ìpele kẹrin ọdún 2015. Wọ́n kà á mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń retí nínú ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Ìtò jẹ́ àbá tí a gbé ka orí ohun tí a rí, ó sì yẹ ká máa tún un ṣe lọ́dọọdún.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ ni ẹgbẹ́ tí ojú ọmọ etíkun máa ń wò. Ní 2012 ẹgbẹ́ náà dé ìpele kò-mẹ́sẹ̀-ó-yọ tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje àwọn akọni ẹgbẹ́ Áfíríkà. Wọ́n gbá 3-3 pẹ̀lú Al Ahly ti Íjíbítì ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n tó fìdí rẹmi 1-0 ní Káírò. Sunshine Queens ni ti àwọn obìnrin. Àtẹ̀gùn tó wà láàárín abúlé lórí omi àti Àkúrẹ́ gùn: ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ ilé ìwé, ìdíje ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìgbókòdá, lẹ́yìn náà ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kì í gun àtẹ̀gùn yìí rárá. Wọ́n á bá ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá wọn lọ sí Ajégúnlẹ̀ tàbí Mákòkó l'Ékòó, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti di mímọ̀. Ajégúnlẹ̀, níbi tí àwọn Ìlàjẹ ti ń gbé pẹ̀lú Ìjọ́, Úróbò àti Ìgbò, ló tọ́ Samson Siasia, Taribo West àti Emmanuel Amuneke, ẹni tó gba adé agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà ní 1994. Mi ò bínú sí Ajégúnlẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé, bí ọmọ bá débẹ̀ ní ọdún 14, bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí i nínú bọ́ọ̀lù ni.

Ẹni tó bá fẹ́ to ọmọ etíkun gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ tó ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ní ìhà Àràròmí Seaside, iyanrìn ni etí òkun. Bí a bá ń lọ sí ìlà oòrùn, ẹrẹ̀ ló gba etíkun Máhìn títí lọ sí ẹnu odò Bìní. Lórí ẹrẹ̀, bọ́ọ̀lù kì í yí, kì í sì í ta. Ọmọ tó dàgbà níbẹ̀ máa ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ó lè fi ara ti ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e lọ sí pápá oníkoríko ní Àkúrẹ́, bọ́ọ̀lù á yára jù fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kóòṣì tó bá wò ó lọ́jọ́ kan péré á ní kò mọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ kọ irú ilẹ̀ tó ti ń gbá a sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ má sì fi máàkì ọjọ́ kìíní dájọ́. Ní Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ilẹ̀ lọ, àwọn ọmọ sì ń wá àyè tuntun kiri. Bí ọmọ bá pàdánù oṣù mélòó kan torí omíyalé, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ẹni tó bá kà á má bàa pè é ní ọ̀lẹ.

Àwọn ọmọ iyanrìn yẹ fún ìtò tiwọn. Bọ́ọ̀lù etí òkun jẹ́ eré ọ̀tọ̀ lábẹ́ FIFA: ènìyàn márùn-ún ní ìhà kọ̀ọ̀kan, láì wọ bàtà, ìṣẹ́jú 12 lọ́nà mẹ́ta. Nàìjíríà gba ife Áfíríkà nínú rẹ̀ ní 2007 àti 2009. Mo gbà gbọ́ gidigidi pé ibí ni ìpínlẹ̀ Oǹdó ti lè tètè rí ẹni tó máa gbá fún orílẹ̀-èdè, torí ohun tí àwọn ìlú òkè ń da iyanrìn kiri kí wọ́n tó rí, Ọlọ́run ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún Àràròmí lọ́fẹ̀ẹ́.

Àkókò títò: láti Bélú sí Ẹrẹ́nà ni ilẹ̀ máa ń gbẹ. Ẹ wo àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán láàárín oṣù wọ̀nyí, kí ẹ sì parí ìtò ní Ẹrẹ́nà. Láti Igbe dé Ọ̀wàrà, òjò àti ìrugùdù òkun kì í jẹ́ kí pápá dọ́gba, àfi ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Nínú oṣù wọ̀nyí, ẹ máa wọn gíga àwọn ọmọ, kí ẹ sì máa tún àkọsílẹ̀ ọjọ́ orí wọn yẹ̀ wò.

Ọjọ́ orí ló sì ń ba ìtò jẹ́ jù. Láti ìdíje àgbáyé ọdún 2009 tó wáyé níhìn-ín ní Nàìjíríà ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wò. Ẹni tó bá gé ọdún ọmọ kù lónìí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà lọ́la. Ṣùgbọ́n bí òótọ́ bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀tàn mìíràn ṣì wà. Ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń pín ọjọ́ orí. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ṣẹ́rẹ́ àti èyí tí wọ́n bí ní Ọ̀pẹ ọdún kan náà jọ wà ní ìpele kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan fi nǹkan bí ọdún kan ju èkejì lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ọmọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n máa ń yàn jù, kìkì nítorí pé wọ́n ti tóbi díẹ̀. Victor Osimhen, ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1998 ni wọ́n bí i. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kéré jù fún ọdún rẹ̀ ní ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ti 2015, síbẹ̀ góòlù mẹ́wàá tó jẹ kò sí ẹni tó jẹ iye bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀ nínú ìdíje yẹn. Kelechi Nwakali ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù níbẹ̀. Arsenal gbà á ní 2016, kò sì gbá eré kan fún ẹgbẹ́ àgbà wọn. Bí ọmọ méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú yín, ẹ fi èyí tí wọ́n bí kẹ́yìn sókè.

Ìwé náà kò le. Orúkọ, ọjọ́ ìbí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀rí àjọ ètò ìkànìyàn, ẹgbẹ́ tó wà, sáà tó wọlé àti sáà tó jáde, ipò tó ń gbá, ẹsẹ̀ tó ń lò, gíga rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn náà máàkì méjì tí mo sọ. Ẹ pín in sí ìpele: ọdún 12 sí 13, 14 sí 15, 16 sí 17. Ẹ má ṣe to ọmọ 12 mọ́ ti 17. Ẹ ya ti àwọn ọmọbìnrin sọ́tọ̀, ẹ sì wò wọ́n dáadáa bákan náà, torí Asisat Oshoala láti Ìkòròdú, létí omi bíi tiwa, ti gba adé Áfíríkà nígbà mẹ́fà.

Sáà tí mo ní kí ẹ kọ yẹn ni owó wà nínú rẹ̀. Òfin FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹgbẹ́ ilẹ̀ kan fi ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn, nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, kí wọ́n sì pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láàárín ọdún 12 sí 23. Ká ní wọ́n ra ọmọ Ugbónlà kan ní mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 yúrò ni wọ́n máa pín. Ẹgbẹ́ tó ní i ní ọdún 12 sí 15 á gba ẹgbẹ̀rún 25 fún sáà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún 100 fún mẹ́rin. Láti 16 lọ, ẹgbẹ̀rún 50 ni fún sáà kan. Nígbà tí Galatasaray ra Osimhen lọ́wọ́ Napoli ní 2025, mílíọ̀nù 75 yúrò ni wọ́n san. Láti 2022 ni ọ́fíìsì ìsanwó FIFA ti ń ṣe ìṣirò náà láti inú ìwé ìrìnnà agbábọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀, owó ò ní kàn án. Torí náà, kí ẹgbẹ́ abúlé yín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀, kí ẹ sì forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní sáà tó bá pé 12.

Òfin kan náà kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 ti Nàìjíríà lọ gbá fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, àfi níbi tó bá bá òbí rẹ̀ lọ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù, tàbí àwọn ààyè díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ájẹ́ńtì tó bá ní òun máa mú ọmọ ọdún 15 lọ sí Yúróòpù, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja, ẹ lé e padà sínú ọkọ̀ tó gbé e wá.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ṣe: ọ̀kan lọ́dọ̀ kóòṣì, ọ̀kan ní ilé ìwé, ẹ̀kẹta ní Ìgbókòdá, lórí ilẹ̀ tí omi kì í dé. Kí ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ sí gbogbo wọn kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí.