Ṣé O Mọ̀? Baba Sàlá àti Fíìmù Ọ̀run Móoru

Ṣé o mọ̀ pé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà onílé obì, ọmọ Ọwá Obòkun, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Baba Sàlá, ti kọ́kọ́ jẹ́ olórin kí ó tó di aláwàdà, àti pé nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni King Sunny Adé ti ta gìtá kí òun náà tó dá tirẹ̀ sílẹ̀?

Nígbà tí orí ìtàgé àti tẹlifíṣọ̀n ti sọ ọ́ di àrímáleèlọ, tòun ti aago gìrìwò tí ó máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, Ọlá Balógun sì ni olùdarí rẹ̀. Ìtàn Lámídì ni, ọkùnrin tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́, tí oníjìbìtì kan fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn jẹ pé owó yóò kún inú àgbá rẹ̀ fọ́fọ́.

Ó dunni wọra pé kí Baba Sàlá tó rí owó tí ó ná padà, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti da iṣẹ́ náà kọ sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri ìgboro. Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni toloóhun, ṣùgbọ́n ọjọ́ olóhun yìí kò dé bọ̀rọ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Síbẹ̀síbẹ̀, akíkanjú náà kò káwọ́ gbera: fíìmù Ààrẹ Àgbáyé àti Moṣebọ́látán ṣì tẹ̀lé e.