Ìpolówó Ọjà Lórí Rédíò: Kí Fèrè Rẹ Dún Ketekete

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òṣogbo tàbí Iléṣà kò sì jìnnà sí rédíò: OSBC wà ní Òkè-Baálẹ̀, Gold FM wà ní Iléṣà. Síbẹ̀, owó ìpolówó ọ̀pọ̀ ará ìjọ ń ṣòfò.

Arábìnrin aránṣọ kan ní Iléṣà fi owó àjọ rẹ̀ ṣe ìpolówó ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ó kó aṣọ ìyàwó, aṣọ ilé-ìwé, aṣọ akọrin, fìlà, gèlè àti nọ́ńbà fóònù mẹ́ta sínú rẹ̀. Nígbà tí a bi àwọn ará léèrè, wọ́n gbọ́ ọ. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà ni ẹnikẹ́ni kò rántí. Irú fèrè tí Pọ́ọ̀lù sọ nípa rẹ̀ nínú 1 Kọ́ríńtì 14:8 nìyẹn.

Ìṣẹ́jú-àáyá 30 kò gbà ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 70 lọ, bí a kò bá fẹ́ sáré sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń gbọ́ rédíò ń dáná, ó ń wakọ̀, ó ń dirun. Kò lè ṣí ojú ìwé padà. Ẹ gbọ́ ẹni tí ń kiri mọ́ínmọ́ín: ohun tó ń tà, àti pé ó gbóná, ó tán.

A jókòó ti arábìnrin yìí, a mú aṣọ ilé-ìwé nìkan, nítorí ìwọlé kù sí dẹ̀dẹ̀. A kọ ọ́ bí ìyá méjì tí ń sọ̀rọ̀:

“Màmá Bọ́lá, Mọ́ńdè ni ìwọlé o, aṣọ àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Mo ti gbà á. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ọjà Àtàkúnmọ̀sà ni. Ọjọ́ tó dá fún mi gan-an ló parí rẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù, lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kí a tó fi ọ̀rọ̀ “ọjọ́ tó dá” sílẹ̀, a bi í bóyá òótọ́ ni. (Ẹ mọ àwọn aránṣọ wa.) Ó dákẹ́. Ó ní àfi kí òun dín iṣẹ́ tí òun ń gbà kù. Ó sì dín in kù kí ìpolówó náà tó jáde.

Ẹ ṣọ́ra fún orin pẹ̀lú. A mọ bí àwọn orin tí a fi ohùn òyìnbó kọ ṣe ń yí ọ̀rọ̀ Yorùbá po. Bí ohùn orin bá gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn, ẹni tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lè di ẹni tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ! Ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà dùn létí ará Iléṣà, ṣùgbọ́n kí ẹ fi Yorùbá tó yé gbogbo ènìyàn sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà.

Ẹ̀yin tó ń ta àgúnmu àti agbo, ọ̀rọ̀ yín le jù. NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó oògùn kó tó jáde, òfin ARCON ti 2022 sì béèrè pé kí a yẹ ìpolówó wò ṣáájú. Oògùn kan tí ń wo àrùn méje, pẹ̀lú ẹ̀rí pásítọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a kò ní yá a lóhùn wa. Ní 2004, àjọ NBC ní kí àwọn iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn dẹ́kun gbígbé iṣẹ́ ìyanu tí a kò lè fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn jáde. Inú bí àwọn kan nínú wa nígbà náà; àwa rí i pé àwọn kan ló fà á.

Bí ẹ bá ti sanwó, ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ àkókò sí, kí ẹ tan rédíò ní àkókò náà, kí ẹ sì máa sàmì sí iye ìgbà tó jáde.