Onílé ní Ìpọ̀nrí: ìwé ló ń lé ayálégbé, kì í ṣe àgádágodo

Ayálégbé jẹ owó ilé, onílé fárígá, ó ní kí káfíńtà wá ṣí páánù orí ilé. A ti rí i títí l'Ékòó. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ ni pé lójú òfin, òun fúnra rẹ̀ ló ti di ọ̀daràn.

Òfin ilé gbígbé tí Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lù ní 2011 kò yọ Ìpọ̀nrí sílẹ̀. Àpápá, GRA Ìkejà, Ìkòyí àti Victoria Island ló yọ. Ẹni tó bá fipá lé ayálégbé, tó halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tó ba ilé jẹ́ kó lè jáde, lè san ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ìjọba pàápàá ti jìyà irú rẹ̀ rí. Ní 1985, ìjọba ológun Èkó lé Odumegwu Ojukwu kúrò nílé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ̀ láti gbè sẹ́yìn ìjọba.

Báwo wá ni onílé yóò ṣe gba ilé rẹ̀? Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan, ẹni tó ń san owó lóṣooṣù yóò gba nótíìsì oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́dọọdún yóò gba ti oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni nótíìsì ọjọ́ méje, kí ẹjọ́ tó dé kóòtù. Ẹ kíyè sí i: "bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan." Ibẹ̀ ni owó wà. Onílé tó kọ ọ́ sínú ìwé pé nótíìsì oṣù kan tó, tí ayálégbé tó ń san lọ́dọọdún sì buwọ́ lù ú, ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ oṣù márùn-ún. Bí ìwé bá sì dárúkọ ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí, tí ọjọ́ náà pé, nótíìsì ọjọ́ méje péré ló kù. Síbẹ̀ ẹ̀dà ìwé ẹlòmíràn làwọn ajẹ́ńtì kan ń ṣe fún yín, wọ́n á sì gba owó "àgírímẹ́ǹtì" lé e!

Gbígba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun náà lòdì sí òfin: ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ayálégbé tó san án kò bọ́ níbẹ̀. Rìsíìtì sì pọn dandan.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì ṣeé bá sọ, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń parí irú ìjà yìí láìgba kọ́bọ̀. Mo rò pé ó yẹ kéèyàn gbìyànjú ibẹ̀ kó tó náwó fún lọ́yà, nítorí ẹjọ́ ilé ń pẹ́ ní kóòtù.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilé rà káàkiri Ìpọ̀nrí àti Alákà, nítorí pé Erékùṣù kò jìnnà síbẹ̀: ẹni tó bá ra ilé tó ní èèyàn nínú, àtilé àtayálégbé ló rà. Àdéhùn tí onílé àtijọ́ ṣe yóò tẹ̀ lé e dé ọwọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba ìwé àdéhùn àti rìsíìtì tó kẹ́yìn ti yàrá kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra yín.